Aṣọ Ni, Àbí Ènìyàn?

Láti ẹnu géètì wa ní Bódìjà, mo lè ka mọ́tò mẹ́ta tí ẹni tó ni wọ́n kò gùn mọ́. Ẹni tó ni àkọ́kọ́ ti lọ sí Manchester. Ẹni tó ni ìkejì, ẹ̀gbọ́n mi ni, Winnipeg ní Kánádà ló wà. Ẹni tó ni ìkẹta kò lọ síbì kankan. Ó wà nínú ilé, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, epo ló lé e sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, lítà kan fi nǹkan bíi ₦190 sílẹ̀, ó bọ́ sí ₦500. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tó jẹ́ ẹsẹ̀ fún gbogbo ilé ti di ohun tí a kàn ń nu eruku ara rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀nà méjì làwọn ará Ìbàdàn máa ń gbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé mọ́tò sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan á ra tapólì, wọ́n á dì í pinpin, wọ́n á ti géètì. Àwọn kan á fún àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ pé, “Máa bá mi mú un jáde.” Mo ti rí ìgbẹ̀yìn méjèèjì. Mo fi ọwọ́ ara mi tú aṣọ ọ̀kan, mo sì wọ èkejì gẹ́gẹ́ bí èrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo lè dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ yà sí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà, torí òtútù ti kọ́ wọn ní ìtọ́jú mọ́tò lọ́hùn-ún. Ní Winnipeg, bí yìnyín bá dé, wáyà iná máa ń yọ jáde níwájú mọ́tò bí ahọ́n ajá. Wọ́n á kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lóru kí ẹ́ńjìnnì má baà tutù débi tí kò ní ṣeé ṣí láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, òun rò pé gbogbo mọ́tò àdúgbò náà ló ń fi iná mànàmáná rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn ò tilẹ̀ lè ṣàdédé gbé mọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Láti ọdún 1998, ẹni tí kò bá fẹ́ san owó orí mọ́tò tí kò gùn gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba pé mọ́tò náà kò sí lójú títì mọ́. SORN ni wọ́n ń pè é. Ìyọnu àwọn ilẹ̀ òtútù gan-an ni iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ń jẹ irin ìdí mọ́tò bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ní Ring Road tàbí Challenge, ẹ ó rí mẹkáníìkì tí oníbàárà mú dání, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, tó ń fi irin kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò-kò-kò, tó ń tẹ́tí sí ibi tó ti dógùn-ún.

Tòkunbọ̀ wa ti bá òtútù jà kó tó gúnlẹ̀ s'Éèkó. Nǹkan mìíràn ló ń pa á n'Íbàdàn: òjò, ọyẹ́, eku, àti dídúró sójú kan.

Camry ni ti ẹ̀gbọ́n mi, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní “pencil light” nítorí iná rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Lóṣù kejìlá ló rìnrìn àjò. Ó fọ mọ́tò náà mọ́ tónítóní, ó ra tapólì búlúù tuntun, ó dì í lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi òkúta dí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Màmá wa gbàdúrà lé e lórí. Títí di oṣù kẹta, bí a bá ká etí aṣọ náà sókè, mọ́tò ń dán gbinrin.

Ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́tò o, ṣùgbọ́n ọ̀tá gbangba ni. Eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń wọ abẹ́ tapólì. Bí atẹ́gùn bá wá ń na aṣọ náà mọ́ ara mọ́tò tọ̀sán-tòru, eruku yẹn á máa ha ọ̀dà rẹ̀ bí ìgbà tí káfíńtà ń fi sándípépà ha tábìlì. Rọ́bà wáípà á gan, á sì sán. Táyà tí oòrùn ń pa á bẹ̀rẹ̀ sí í là wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí lojú ń rí, owó díẹ̀ á sì tún un ṣe. Ojú mọ́tò ni ọyẹ́ ń bá jà. Inú rẹ̀ ni òjò ń wọ̀ lọ.

Òjò tiwa bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin. Òótọ́ ni pé tapólì kì í jẹ́ kí omi wọlé látòkè, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èyí tó ti ilẹ̀ gòkè ráyè jáde. Ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò kì í gbẹ. Bí oòrùn ọ̀sán bá ta sí i, ọ̀rinrin á di ooru, á gòkè, á kan ọ̀rá lókè, á tún di omi, á wá kán padà sórí mọ́tò. Ẹni tó bá ti fi ọmọrí dé abọ́ mọ́ínmọ́ín gbígbóná rí, tó ṣí i lẹ́yìn wákàtí kan, mọ ohun tí mò ń sọ.

Lóṣù kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní kí n bá òun ṣí i wò. Mo tú okùn. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi, bíi ti aṣọ òfì tí wọ́n kó sínú àpótí láì sá. Ìjókòó ẹ̀yìn ti bu, ó funfun bí ìgbà tí wọ́n ku láfún lé e. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i: kò tilẹ̀ húkọ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Eku kan gbójú sókè wò mí, ó wo ọ̀nà, ó rọra lọ, kò tilẹ̀ sáré. Nínú àpótí tí fílítà atẹ́gùn ń gbé ló kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí: ewé máńgòrò gbígbẹ, òwú tó fà yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èèpo ẹ̀kùrọ́, àti àjákù ìwé tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìsìn ìdúpẹ́ wà lára rẹ̀. Wáyà pupa kan ti já. Aláwọ̀ ìyeyè kan ku fọ́nrán méjì péré. Rẹ́wáyà tí mo pè lo ọjọ́ méjì gbáko, bó ṣe ń tú wáyà ló ń mi orí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́lé fún eku yìí, ẹ tún wá ra aṣọ ìkélé fún un.”

Bátìrì náà ti kú, mi ò bá a wí. Ẹni tó rò pé mọ́tò tó dúró kì í jẹun ń tan ara rẹ̀. Aago inú rẹ̀ ń jẹun, àláàmù ń jẹun, kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà ń bu díẹ̀díẹ̀ jẹ. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6. Bó bá já wálẹ̀ sí 12, tó sì pẹ́ níbẹ̀, inú rẹ̀ á máa dì, kò sì sí ṣájà tó máa dá a padà sí bó ṣe wà. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi yọ orí rẹ̀ kan kó tó lọ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì, owó bátìrì tuntun ì bá ṣì wà lápò rẹ̀. Epo inú táńkì náà ti yí padà. Bẹtiróòlù tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ nínú mọ́tò tí kò rìn máa ń rẹ̀yìn, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ọ̀dà, á sì máa fi nǹkan tó ń lẹ̀ bí oje sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó ń gbà. Ìdámẹ́rin táńkì ni ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, ó ní kí olè má baà fa epo òun. Àyè tó ṣófo lókè epo yẹn ni ọ̀rinrin rí gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọdá títì lọ sọ́dọ̀ ará Manchester.

Corolla ni tirẹ̀. Kò bò ó rárá. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Agbowó, nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn, ló fún ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó sọ fún un kò ju “máa bá mi mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan” lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan” ti di aago márùn-ún ìdájí. Báyìí ni mo ṣe mọ̀: mo fi fóònù pe mọ́tò láti ẹnu géètì Yunifásítì pé mò ń lọ sí Dùgbẹ̀. Corolla kan dé, bọ́ńpà iwájú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà so. Mo ti jókòó kí n tó rí sítíkà ìjọ ará àdúgbò wa lára gíláàsì. Mo wo awakọ̀, awakọ̀ wò mí. Ọmọkùnrin náà gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ lórí ìjókòó níbi tó ti di sítíárì mú. Títí a fi dé Mọ́kọ́lá, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ Cocoa House, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.”

Mi ò sọ. Ṣùgbọ́n mo fara balẹ̀ wo mọ́tò náà. Ìjókòó iwájú ti ya, fóòmù ń yọjú. Éésì ti kú. Ẹsẹ̀ iwájú ń dún gbì-gbì ní gbogbo kòtò, kòtò kò sì wọ́n wa n'Íbàdàn. Iná ìkìlọ̀ bírékì ti tàn pupa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọmọ náà sì ti fi séló bo iná yẹn. Tí ẹ bá rí i láàárín àwọn Micra tó ń gbé èrò ní Dùgbẹ̀, ọ̀dà nìkan lẹ ó fi dá a mọ̀. Síbẹ̀, ó kàn fọwọ́ ba kọ́kọ́rọ́ báyìí ni, mọ́tò ti dáhùn. Táyà rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n kò là. Eku ò sì sí ńbẹ̀. Eku kì í fi mọ́tò tí kì í sinmi ṣe ilé.

Ibi tí ìwọ̀n ti ń ṣòro nìyí. Bí a bá gbé Camry àti Corolla yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jọ́ tí mo tú aṣọ, Camry ló rí bí ìyàwó, Corolla ló rí bí alágbàṣe. Ìyàwó kò lè rìn. Alágbàṣe ti lọ sí Challenge, ó ti dé. Àtúnṣe Camry wọ́n, ṣùgbọ́n ó lópin: bátìrì, wáyà, fífọ táńkì, ìjókòó, táyà mẹ́rin, ó parí. Àtúnṣe Corolla kò lópin, torí ara rẹ̀ gan-an ló ti lò. Kìlómítà kì í padà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń dá a padà, ìyẹn di ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn. Tó bá jẹ́ orí owó nìkan la fi máa dá a, aṣọ ló sàn díẹ̀ ju àbúrò tí ebi ń pa lọ.

Àmọ́ Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí a ti ń fi owó nìkan dá ẹjọ́ mọ́tò. Omi wà. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya bo ìlú, àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀, afárá wó, omi wọ ọgbà Yunifásítì, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí a ní òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n dì sínú tapólì, tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí òkúta dí táyà rẹ̀, kò lè sá fún omi. Èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan lè gun òkè lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 tí ohun abúgbàù bú ní Bódìjà níbí, tí gíláàsì fọ́ káàkiri àdúgbò, aṣọ kan ò pe olóhun lórí fóònù. Ènìyàn ló pè é.

Ibi téèyàn ń gbé náà tún ní tirẹ̀. Àwọn kan nínú ilé àtijọ́ Bódìjà, ti ẹ́sítéètì tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ láyé Awólọ́wọ̀, ní gáréèjì tòótọ́, bí wọn ò bá tíì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Òrùlé páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dára ju tapólì lọ nígbà mẹ́wàá, torí ó ń dá oòrùn àti òjò dúró, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ní Agbowó, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá tí géètì kò sí, kí wọ́n má tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ aṣọ sílẹ̀. Wọ́n á jí aṣọ náà kí wọ́n tó jí mọ́tò. Ní ti àwọn tó ń gbé mọ́tò sílẹ̀ ní wọ́ṣọ́ọ̀pù mẹkáníìkì nítorí pé “ojú á máa wà lára rẹ̀,” ojú á wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Mọ́tò tó bá sùn oṣù mẹ́fà níbẹ̀ lè jí pẹ̀lú bátìrì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí a tún Camry ṣe tán, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Oṣù mẹ́rìndínlógún ló ti wà lápò mi, ohun tí mo sì kọ́ nínú rẹ̀ ni pé “ẹni tó ń gùn ún” àti “ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́” kì í ṣe ẹnìkan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń mú un jáde, láàárọ̀ Sátidé kí ọjà Bódìjà tó kún: mo gba Sẹkitéríàtì, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀, mo bọ́ sí Ring Road, mo yí padà ní Challenge. Kì í ṣe ìgbádùn. Wọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nínú ọgbà, ó ń ba mọ́tò jẹ́ ju kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. Agbára tí bátìrì fi ṣí i kò tíì padà, omi tó dì nínú sàlẹ́ńsà kò tíì gbẹ, wọ́n ti pa á. Ó kéré tán, kó rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ gbóná délẹ̀délẹ̀. Tí mo bá dé, n kì í fa hándíbírékì, nítorí ó lè lẹ̀ mọ́ ibi tó dì mú; mo fi í sí jíà, mo fi òkúta dí táyà. Mo fi káńfọ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Káńfọ̀ kì í pẹ́ kó tó tán, ẹni tó bá fi í sí i lẹ́ẹ̀kan tó bá ọ̀nà lọ kò ṣe nǹkan kan. Tapólì ti di ohun tí a fi ń sá èlùbọ́.

Owó ìwé kò sì dúró torí pé mọ́tò dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ìnṣọ́ránsì tó kéré jù ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000, n kò sì lè torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbé mọ́tò tí ìwé rẹ̀ ti kú bọ́ sójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà kan tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pé òun ló fún mi láyè. Mo ti fi í han ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó le jù ni ẹbí. Gbàrà tí wọ́n gbọ́ pé mọ́tò ti ń rìn, àwọn tí kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ̀ fún ìgbéyàwó mẹ́ta àti ìsìnkú kan. Ẹnìkan wà tí kò tíì dá mi lóhùn dáadáa láti ìgbà náà. Ẹni tí kò bá lè kọ̀ fún ẹbí, kó má gba kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó jẹ́ ká ta Camry náà. Màmá wa ni kò gbà. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, wọ́n á gbá yí táyà rẹ̀ ká, wọ́n á fi etí ìró nu díńgí rẹ̀, wọ́n á ní, “Ọmọ mi ń bọ̀ wá gùn ọ́.” Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn ìyẹn. Mo mọ̀ ṣá pé táyà ní ọjọ́ orí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Èyí tí a rà fún un ti ń kọjá lọ díẹ̀díẹ̀ láì rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí ìrìn àjò yín kò bá ju oṣù méjì-mẹ́ta lọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ bu epo kún táńkì, ẹ bò ó, kò sí ewu. Bí ẹ ó bá wà níbẹ̀ títí òjò máa fi dé, kí ẹ tó ra tapólì, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹni dárúkọ, tàbí tí ìrìn àjò náà bá máa ju ọdún kan lọ, ẹ wa mọ́tò náà lọ sí Challenge kí oṣù kẹrin tó wọlé, nígbà tó ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, ẹ tà á.